Lẹ́tà Tí Barthélemy Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Buwọ́ Lù

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ọgbà tí a ń gbé ní Sibang nígbà náà, iwájú ilé Bàbá Sìlífá ni ọ̀nà náà sì gbà kọjá. Kò sẹ́ni tó máa wọlé tàbí tó máa jáde tí Bàbá kò ní rí i. Bàdírù ni orúkọ rẹ̀, ará Ìsẹ́yìn ni, abọ́ tánganran ló ń tà ní ọjà Mont-Bouët. Ọdún 1959 ló kó ìyàwó rẹ̀ àti Sìlífátù ọmọ rẹ̀ wá sí Libreville, olú-ìlú Gabon, nígbà tí Sìlífátù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Yàrá tiwa àti tiwọn fara kanra. Sìlífátù fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní Àǹtí títí di òní. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ìyókù, etí ara mi ló gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri, torí ògiri wa kò nípọn.

Àǹtí kì í ṣe ẹni tó ń pariwo. Ó ga, ó dúdú, ó máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń retí níbì kan. Ilé-ìwé àwọn sísítà ló lọ, ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ tẹ̀wé, ọwọ́ rẹ̀ sì yá débi pé sísítà tó kọ́ ọ máa ń mú àlejò wá wò ó. Nígbà tó sọ pé òun fẹ́ ṣiṣẹ́ ní búrò, ìyẹn ọ́fíìsì, Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kó wá jókòó ti òun nídìí abọ́, kó máa bá òun sọ Faransé fún àwọn oníbàárà. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi fà á. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ títí, Bàbá gbà, ṣùgbọ́n ó ní, "Lọ o. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá wá bá mi pé ọkùnrin kan fojú burúkú wò ọ́ níbẹ̀, ọjọ́ náà ni iṣẹ́ náà parí. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà. O kàn máa padà sídìí abọ́ ni." Àǹtí ní òun gbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ló wá dè é lẹ́nu nígbà tó yá.

Ọdún 1976 nìyẹn. Owó epo rọ̀bì ti wọ ìlú, ibi tí èèyàn bá yíjú sí, wọ́n ń kọ́lé: òtẹ́ẹ̀lì, ilé ìjọba, títì tuntun létí òkun. Wọ́n ní àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà ń bọ̀ wá ṣèpàdé lọ́dún tó ń bọ̀, gbogbo ìlú gbọ́dọ̀ máa dán. Ẹni tó bá ní sìmẹ́ńtì lọ́wọ́ nígbà náà, ọba kékeré ni. Ilé-iṣẹ́ tí Àǹtí ti ríṣẹ́ wà ní àdúgbò Glass, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkun. Sìmẹ́ńtì àti irin ìkọ́lé ni wọ́n ń kó wọlé. Ará Faransé kan, Músíọ̀ Clément, ni ọ̀gá àgbà, òkè ló ń jókòó. Nísàlẹ̀ ni ẹ̀ka tó ń bójú tó ẹrù tó ń ti èbúté Owendo bọ̀ wà, Barthélemy sì ni ọ̀gá ẹ̀ka náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Barthélemy jẹ́. Nàgó ni, ará Pọbẹ̀ ní ilẹ̀ Benin, ó ń sún mọ́ ẹni àádọ́ta ọdún. Ó kúrú, ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọ yàrá kí òun tó tẹ̀lé e. Ó máa ń fi pòmáàdì pa irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé ibi tó ń gbé orí sí lára àga rẹ̀ ti dúdú fún òróró. Kóòtù ló ń wọ̀ lójoojúmọ́ nínú ooru Libreville, á máa làágùn bí ẹni tí wọ́n lé, á máa nu ọrùn, ṣùgbọ́n kò ní bọ́ kóòtù, torí pé ọ̀gá ni. Bírò mẹ́rin ló ń kì bọ àpò àyà, kò sì sí ohun tó ń fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ ju orúkọ rẹ̀ lọ. Tí Músíọ̀ Clément bá sọ̀ kalẹ̀ wá, á dìde fùú, á tẹ̀ kòkò bíi pé nǹkan rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀. Tí Músíọ̀ Clément bá ti gòkè padà, á na àyà, á sọ fún àwọn akọ̀wé pé bí kì í bá ṣe òun ni, ilé-iṣẹ́ náà ì bá ti wó. Ọmọ mẹ́fà ni Agnès ìyàwó rẹ̀ bí fún un. Obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan ni, òun ló ń gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún un ní búrò, á gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á sì lọ.

Lọ́jọ́ tí Àǹtí kọ́kọ́ débẹ̀, inú Barthélemy dùn kọjá àlà. Ó ní, "Ọmọ wa! Nàgó àti Yorùbá, kí ló yà wọ́n? Èmi ni bàbá rẹ níbí o."

Àǹtí kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Ọ̀gá."

Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Barthélemy fi gbàgbé pé bàbá ni òun.

Iṣẹ́ Àǹtí ni láti gba lẹ́tà sílẹ̀ láti ẹnu rẹ̀, kó sì lọ fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́. Barthélemy á pè é wọlé, á ní kó ti ilẹ̀kùn nítorí ariwo ọkọ̀, á máa rìn yí yàrá ká, á máa sọ lẹ́tà jáde ní Faransé. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lẹ́yìn àga Àǹtí. Nígbà tó tún yá, ó gbọ́wọ́ lé e léjìká. Àǹtí ní ọwọ́ náà rọ̀, ó tutù, bí ẹja tí wọ́n yọ kúrò nínú yìnyín láàárọ̀. Tó bá yẹ èjìká kúrò lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ á tẹ̀lé e.

Ohun tó mú kí ọkùnrin yìí ka ara rẹ̀ sí ọlọ́gbọ́n ni pé kì í sọ ìsọkúsọ rẹ̀ ní Faransé. Faransé wà fún lẹ́tà. Tó bá fẹ́ sọ ìdọ̀tí, á yí ahọ́n padà sí Nàgó, ẹni tó bá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn á rò pé ọmọ ìlú kan náà ló ń bi ara wọn léèrè àwọn ará ilé. Á sọ ní Faransé pé, "Mo ní ọlá láti fi tó yín létí," á dánu dúró, á wá sọ ní Nàgó pé, "Ta ló rán aṣọ yìí tó fún mọ́ ọ báyìí? Mo fẹ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀," lẹ́yìn náà á padà sí lẹ́tà bíi pé ikọ́ ló wú.

Lọ́jọ́ kan, ó ní kí Àǹtí bá òun lọ jẹ ẹja sísun ní àdúgbò Louis lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní òun mọ ilé oúnjẹ kan níbẹ̀ tó ní yàrá lẹ́yìn.

Àǹtí ní, "Ọ̀gá, bí ẹja bá ń wù yín jẹ, ẹ mú Màmá Agnès lọ."

Barthélemy rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ le. Lọ́jọ́ kejì, ó fi ìwé kan han Àǹtí. Ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ni. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Gabon gbọ́dọ̀ mú irú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìjọba kí wọ́n tó lè fún un ní káàdì ìgbélùú tuntun, ti Àǹtí sì máa tán lóṣù tó ń bọ̀. Barthélemy ní, "Èmi ni mo ń buwọ́ lu èyí. Àmọ́ ọrùn ọwọ́ máa ń dùn mí nígbà míì. Ó kù sọ́wọ́ ẹ bóyá á yá." Ó gbé ìwé náà padà sínú àpótí tábìlì láìbuwọ́ lù ú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.

Lucienne ló ń dáhùn tẹlifóònù nílé-iṣẹ́ náà. Mpongwè ni, ìyẹn àwọn onílẹ̀ Libreville, Glass níbẹ̀ gan-an ni ilé bàbá rẹ̀ wà, kò sì sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé náà tí kò mọ̀. Àǹtí sọ ọ̀rọ̀ náà fún un. Kò ya Lucienne lẹ́nu rárá.

Ó ní, "Ìwọ lo ṣe ìkẹta. Suzanne lo oṣù mẹ́rin. Marie-Thérèse kò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì sunkún lórí àga tí ò ń jókòó lé yẹn."

"Wọn ò sọ fún Músíọ̀ Clément ni?"

"Suzanne sọ. Wọ́n pe Barthélemy, Barthélemy ní ọ̀lẹ ni, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ọ̀lẹ ni. Ta ni wọ́n á gbà gbọ́? Òun ni ẹni tó ń buwọ́ lùwé."

Nígbà náà ni Àǹtí rántí Alhájì Àlàó. Alhájì yìí ni alága àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó ń ṣòwò ní Mont-Bouët, òpin ọgbà wa ló ń gbé, òun ni wọ́n ń gbé gbogbo ẹjọ́ lọ bá. Àǹtí rò pé bí àgbàlagbà bá pe Barthélemy sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú á tì í. Ohun tí kò rò dáadáa ni pé Alhájì náà ń ta sìmẹ́ńtì, ọwọ́ Barthélemy ló sì ti ń rí i rà nígbà tí gbogbo ìlú ń wá a tí wọn kò rí. Ó ṣàlàyé fún un tán, Alhájì sì fọwọ́ fa irùngbọ̀n fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tí ọgbọ́n fẹ́ ti ibẹ̀ jáde.

Ó ní, "Ọmọ mi, máa rẹ́rìn-ín sí i. Kí lẹ̀rín máa gbà lọ́wọ́ ẹ? Bí àwọn ọ̀gá ṣe máa ń ṣeré nìyẹn. Iṣẹ́ ọkùnrin náà pọ̀, ara rẹ̀ ń gbóná ni."

"Alhájì, tó bá jẹ́ Àràmátù ọmọ yín ni wọ́n ń fọwọ́ pa léjìká ńkọ́?"

Alhájì gbaná jẹ. "Má fi ọmọ mi ṣàpèjúwe! Àràmátù kì í lọ búrò!"

Àǹtí ní, "Ẹ̀yin náà mọ ìdí tẹ́ ẹ ò fi jẹ́ kó lọ nìyẹn." Ó kí i pé ó dàbọ̀, ó sì jáde. Ó sọ fún mi pé ọjọ́ yẹn ni òun kọ́kọ́ mọ̀ pé èèyàn lè di Alhájì, kó di alága, kí irùngbọ̀n rẹ̀ gùn dé àyà, kó má sì wúlò ju àpò òfìfo lọ.

Kò lè sọ fún Bàbá. Bó bá sọ fún un, abọ́ tánganran ló ń dúró dè é yẹn.

Oṣù kọkànlá dé, òjò ń rọ̀ bí òjò Libreville ṣe máa ń rọ̀ lóṣù náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Barthélemy pe Àǹtí kó wá gba lẹ́tà. Òjò ti pa sìmẹ́ńtì ní Owendo, òun ló sì yẹ kó bojú tó o, nítorí náà ó ní láti kọ̀wé sí Músíọ̀ Clément, kó sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá ẹ̀ka mẹ́ta yòókù. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó rí jẹ láàárọ̀. Ó sọ Faransé díẹ̀, ó sọ Nàgó díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn ọrùn Àǹtí. Gbogbo ohun tó ń tẹnu rẹ̀ jáde ni Àǹtí ń kọ sílẹ̀.

Ó bọ́ sídìí ẹ̀rọ lọ́sàn-án. Ó búra fún mi pé òun kò gbèrò ohunkóhun. Ó ní inú ló kàn ń bí òun, ìka òun ń sáré, ìgbà tí òun sì dé ibi tí Nàgó ti bẹ̀rẹ̀, ìka kò dúró. Ó túmọ̀ Nàgó náà sí Faransé tó gún régé, Faransé àwọn sísítà, kò fi kọ́mà kan sílẹ̀. Mo rí ẹ̀dà tó fi pamọ́. Bó ṣe lọ nìyí tí a bá dá a padà sí èdè wa:

"Ọ̀gá àgbà, mo ní ọlá láti fi tó yín létí pé òjò àná pa igba àpò sìmẹ́ńtì ní Owendo. Sún mọ́ mi, Sìlífá, ṣé mo fẹ́ bù ọ́ jẹ ni? Àwọn àpò náà wà níta nítorí pé tapólì kò tó. Ìdí rẹ yìí kò jẹ́ kí orí mi ṣiṣẹ́ mọ́. Mo dábàá pé kí a yọ èyí tó ti dì sọ́tọ̀. Ìyàwó mi nílé ti wú, ó ti le gbagidi bí àpò sìmẹ́ńtì tí òjò pa, ìwọ lo ṣì rọ̀. Mo sì bẹ̀bẹ̀ fún àṣẹ láti ra tapólì tuntun. Má bẹ̀rù aláìmọ̀kan òkè yẹn, ohun tí mo bá gbé síwájú rẹ̀ ló ń gbà, bí ọmọlangidi ni mo ṣe ń gbé e kiri. Ẹ gba ìkíni ọ̀wọ̀ mi."

Àǹtí ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀. Kò sí. Ó wá tẹ ìwé kan sí i, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ tara rẹ̀, ó fi sí abẹ́ lẹ́tà yẹn nínú fáìlì ìbuwọ́lù.

Barthélemy kì í ka ohun tó bá ń buwọ́ lù. Ìbuwọ́lù gan-an ló fẹ́ràn: B ńlá kan, ìrù tó lọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ilà méjì nísàlẹ̀, àmì tóótó kan láàárín. Àǹtí gbé fáìlì lọ fún un ní agogo mẹ́rin ààbọ̀. Ọkùnrin náà wà lórí tẹlifóònù, ó ń sọ fún ẹnì kan bí òun ṣe gbọ́n tó. Ó fi etí kan gbá tẹlifóònù mú, ó ń fi ọwọ́ kan fa ìrù B. Lẹ́tà, ẹ̀dà mẹ́ta, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́. Ó ti fáìlì padà, kò wo ojú Àǹtí pàápàá. Àǹtí fi ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ sínú àpò rẹ̀, ó sì pín lẹ́tà àti ẹ̀dà rẹ̀ kiri kó tó lọ sílé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Àǹtí kò lè jẹun. Mo bi í pé ṣé ara rẹ̀ kò yá ni. Ó ní, "Bóyá mo máa padà sídìí abọ́ lọ́la." Ó tún ní, "Ṣùgbọ́n mi ò ní dá nìkan ṣubú." Ohun tó ń sọ kò yé mi.

Kò tíì tó agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kejì tí ẹ̀rín fi bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀ka irin. Ẹ̀ka owó bọ́ sí i. Lucienne ní tẹlifóònù òun kò sinmi, àwọn ti yàrá yìí ń pe àwọn ti yàrá yẹn láti ka ìlà kan fún ara wọn. Barthélemy wọlé pẹ̀lú kóòtù rẹ̀, ó rí i tí gbogbo èèyàn ń wo òun tí wọ́n ń fọwọ́ bo ẹnu, ó rò pé kóòtù tuntun ni wọ́n ń wò. Ó tilẹ̀ tún kọ́là ṣe. Wọ́n wá pe òun àti Àǹtí sókè.

Músíọ̀ Clément fi ìka lu lẹ́tà náà lórí tábìlì. Àǹtí ló kọ́kọ́ kọjú sí.

"Ṣé o mọ̀ pé mo lè lé ọ lọ lónìí yìí?"

"Mo mọ̀, Músíọ̀. Wọ́n ní kí n máa tẹ ohun tí ọ̀gá mi bá sọ. Ohun tó sọ ni mo tẹ̀. Ó sì ti buwọ́ lù ú."

Músíọ̀ Clément na lẹ́tà sí Barthélemy. "Ṣé ìwọ lo sọ èyí?"

Barthélemy kà á. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa ka ohun tó buwọ́ lù láti ọdún tó ti dé ibẹ̀ nìyẹn. Àǹtí ní òun ń wo bí òógùn ṣe ń gba inú pòmáàdì bọ̀, tó ń ṣàn lọ sínú kọ́là. Ó wá lọgun:

"Irọ́ ni, Músíọ̀! Mi ò sọ ọ̀rọ̀ yìí ní Faransé rí láyé mi! Nàgó ni mo fi sọ ọ́!"

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ Lucienne.

Músíọ̀ Clément rọra béèrè pé, "Ti ọmọlangidi yìí náà ńkọ́?"

Barthélemy wo ilẹ̀. Ó ní, "Ìyẹn náà... Nàgó ni."

Ẹ má rò pé àánú Àǹtí ló ṣe Músíọ̀ Clément. Kò bi í léèrè pé ọjọ́ mélòó ni ọwọ́ ti wà léjìká rẹ̀, kò dárúkọ Suzanne, kò dárúkọ Marie-Thérèse. Ti ìdí, ti ẹni tó rọ̀ àti ẹni tó le, ó fò wọ́n kọjá bí ẹni tó fo ẹrẹ̀. Ọmọlangidi ló dùn ún. Ká ní Barthélemy ti fi ẹnu rẹ̀ mọ sára Àǹtí nìkan ni, bóyá wọ́n á ti bu ẹ̀rín, wọ́n á sì lé Àǹtí. Àǹtí mọ èyí, kò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Wọ́n gbé Barthélemy lọ sí Owendo, wọ́n fún un ní àga kan lábẹ́ páànù, kó máa ṣọ́ sìmẹ́ńtì kí òjò má pa á. Àwọn awakọ̀ tírélà ti gbọ́ ìtàn náà kó tó débẹ̀. Tí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á bi í pé, "Ọ̀gá, èwo ló le níbí, èwo ló ṣì rọ̀?" Ó bọ́ kóòtù níkẹyìn.

Àǹtí náà gba tirẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n fún un ní lẹ́tà ìkìlọ̀ nítorí pé ó fi orúkọ ilé-iṣẹ́ ṣẹ̀sín. Nígbà tí kò sì sí akọ̀wé mìíràn tí ọwọ́ rẹ̀ yá, wọ́n ní kó tẹ lẹ́tà náà fúnra rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó bá Músíọ̀ Clément tún gírámà rẹ̀ ṣe níbi méjì, ó sì gbé e lọ fún un kó buwọ́ lù ú. Músíọ̀ Clément kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Agnès wá sí búrò. Kò gbé oúnjẹ dání. Lucienne ti dìde, ó rò pé ìjà ló dé. Agnès lọ síbi tí Àǹtí jókòó sí, ó sọ ní Nàgó pé, "Ọmọ mi, mi ò mọ̀wé. Ka lẹ́tà náà fún mi."

Àǹtí kà á, ó rọra ń yí i padà láti Faransé. Nígbà tó dé ibì kan, ó fò ó.

Agnès ní, "O fo ibì kan. Àwọn ọmọ mi ti gbọ́ ọ ní ilé-ìwé. Kà á."

Àǹtí ka ibẹ̀. Agnès mi orí díẹ̀díẹ̀, ó wo òkun lójú fèrèsé, ó ní, "Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń gbé oúnjẹ fún un." Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó ní, "O ṣeun," ó sì lọ. Àǹtí ní nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, èyí nìkan ló pa òun lẹ́kún.

Alhájì Àlàó ló gbé e dé etí Bàbá. Ẹni tó ń ta sìmẹ́ńtì fún un ti lọ, inú rẹ̀ kò dùn. Ó wá lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó jókòó sórí àga wọn tó dára jù, ó ní kí Bàbá pe ọmọ rẹ̀ kó lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Barthélemy, pé ó ti dójú ti àgbà. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo wà lẹ́yìn ògiri, mo ń gbọ́.

Bàbá gbọ́ ọ tán. Ó wá ní, "Alhájì, ìgbà wo ni ọmọ mi wá bá yín?"

"Á tó oṣù kan."

"Ẹ sì ń kọjá níwájú ilé mi lójoojúmọ́. Ẹ ń kí mi. Ẹ ò sọ fún mi."

Alhájì bẹ̀rẹ̀ sí í fa irùngbọ̀n. Bàbá dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn fún un, ó sì di ilẹ̀kùn náà mú títí tí Alhájì fi wọ bàtà rẹ̀ tán. Kò sọ ọ̀rọ̀ búburú kan. Ó wá yíjú sí Àǹtí.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ẹ ní ẹ máa dá mi padà sídìí abọ́."

Bàbá jókòó. Mo gbọ́ tí àga náà dún. Ó ní, "Ìyẹn lẹnu mi sọ." Ó tún ní, "Lẹ́tà yẹn, ṣé o tẹ̀ ẹ́ dáadáa?"

"Kò sí àṣìṣe kan níbẹ̀, Bàbá."

"Ó dáa. Tètè jí lọ́la, kó o má pẹ́ dé ibi iṣẹ́."

Àǹtí fi ìwé ẹ̀rí tí Barthélemy buwọ́ lù yẹn gba káàdì ìgbélùú tuntun, ó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta sí i. Kò sí ọ̀gá tó tún ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Àwọn kan tilẹ̀ fẹ́ràn kí wọ́n fọwọ́ kọ lẹ́tà tiwọn, kí wọ́n má baà sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀, àwọn akọ̀wé ọkùnrin sì ń pè é ní ejò. Kò dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó ní ó sàn ju ọwọ́ ẹja yẹn lọ. Ó ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àlòkù kan sílé.

Ní ọdún 1978, ìjọba Gabon àti ti Benin jà, wọ́n sì ní kí gbogbo ará Benin máa bá tiwọn lọ. Wọ́n ń kọlu àwọn èèyàn lójú títì, wọ́n ń fọ́ ṣọ́ọ̀bù wọn. Barthélemy wà lára àwọn tí wọ́n máa kó lọ. Àwọn obìnrin inú ọgbà wa sáré wá bá Àǹtí, wọ́n ní, "Sìlífá, Ọlọ́run ti bá ọ gbẹ̀san!"

Mi ò rí i kó bínú tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní, "Ẹ̀san wo? Hilaire tó ń ránṣọ níwájú ilé yìí, kí ló ṣe mí? Àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Èmi àti Barthélemy ti parí ọ̀rọ̀ wa, orí bébà la ti parí ẹ̀. Ẹ má fi ìkà tí wọ́n ń ṣe yìí kọ́ mi lọ́rùn."

Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ jáde sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé e lé tábìlì Bàbá. Àwọn Nàgó tó ń gbé ní àdúgbò wa ń bẹ̀rù pé ìwé ìbí àwọn ọmọ wọn máa sọnù lójú ọ̀nà, Àǹtí sì ń tẹ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan fún wọn, ọjọ́ tí wọ́n bí i àti ilé ìwòsàn tí wọ́n bí i sí. Hilaire kọ́kọ́ wá pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Nígbà tó di ọ̀sán, Agnès dé pẹ̀lú àpò kan lórí. Ó ka orúkọ ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Àǹtí bi í pé, "Ṣé kí n kọ orúkọ bàbá wọn?"

Agnès ní, "Kọ ọ́. Òun náà ni bàbá wọn, kí la fẹ́ ṣe sí i?"

Àǹtí kọ ọ́. Agnès gba bébà náà, ó ká a sínú gèlè, ó gbé àpò rẹ̀. Obìnrin mìíràn ti wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀, àwọn mìíràn sì tò tẹ̀lé e dé ojú ọ̀nà. Àǹtí ki bébà tuntun bọ ẹ̀rọ, ó ní, "Kí lorúkọ èyí tó dàgbà jù?"